Hóró Sitirọ́bẹ́rì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Náwó Lé E Lórí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, sitirọ́bẹ́rì kì í ṣe àjèjì ní ìlú ńlá mọ́. Àwọn tí ó ti gbé ìlú òyìnbó rí kò ní kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe rẹ̀ fún wọn: èso pupa kékeré, tí ewé dé e lórí bí adé, tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí ó dùn tí ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Àwa tí a wà nílé náà ń rí i lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o wá láti agbègbè Jos, nínú ike pẹlẹbẹ, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bí ènìyàn bá ti jẹ ẹyọ kan, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé, "Kí ló dé tí n kò fi lè gbin èyí sí ẹ̀yìnkùlé mi?" Ọkàn oníṣòwò a tilẹ̀ máa sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ: yóò ti máa ṣírò èrè kí hóró tó kan ilẹ̀.

Ìrònú náà kò burú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àwọn ẹlẹ́tàn ti ń dúró deni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan wà tí ń ta páálí irúgbìn tí wọ́n ya sitirọ́bẹ́rì aláwọ̀ aró sí lára. Ẹ gbọ́ o: kò sí sitirọ́bẹ́rì aláwọ̀ aró ní ibikíbi láyé. Èyí tí ó pupa ni ó pọ̀ jù, èyí tí ó funfun wà, èyí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè wà pẹ̀lú. Ti aró, irọ́ pátápátá ni. Ẹni tí ó bá ra irú hóró bẹ́ẹ̀, koríko lè hù fún un, ó sì lè má rí ohunkóhun kí ó hù. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá fi kọjá tí ojú rẹ̀ là, ẹni tí ó tà á ti lọ.

Ó dára, bí a kò bá wá ra páálí kankan ńkọ́? Bí a bá yọ hóró lára èso tí a fi owó wa rà lọ́jà? Ẹ wo ara èso náà dáadáa: àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí ó wà lára rẹ̀, tí ó lè tó igba lára ẹyọ kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni hóró wà. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko tilẹ̀ sọ pé àmì wẹ́wẹ́ yìí gan-an ni èso, tí olúkúlùkù ní hóró kan nínú, àti pé ẹran pupa tí a ń jẹ jẹ́ ìdí òdòdó tí ó wú. (Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín kí wọ́n kà á, yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́ fún wákàtí kan.) Bí ẹ bá gbin hóró wọ̀nyí, wọn yóò hù. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò so kì yóò jẹ́ irú èyí tí ẹ jẹ. Ẹni tí ó ti gbin hóró píà rí mọ ohun tí mo ń wí: ìyá lè lọ́ràá, kí ọmọ má lọ́ràá. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbin ọmọ àgbagbà, àgbagbà ni ẹ ó gé.

Ìtàn bí sitirọ́bẹ́rì ńlá yìí ti dé ayé ni yóò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé wa. Ní ọdún 1712, ìjọba ilẹ̀ Faransé rán ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Amédée-François Frézier lọ sí Chile, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kí ó lọ yọ́ wo bí àwọn ará Spéènì ti mọ odi wọn sí. Amí ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ohun jíjẹ. Ó rí irú sitirọ́bẹ́rì kan tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń gbìn, tí èso rẹ̀ tóbi ju èyíkéyìí tí wọ́n mọ̀ ní Úróòpù lọ. Ó hú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi wà lórí òkun, omi mímu sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Marseille ní 1714, márùn-ún péré ni ó yè, ó sì fi méjì nínú wọn ta ẹni tí ó ń ṣọ́ omi ọkọ̀ lọ́rẹ, nítorí pé ó gbà kí òun máa bu omi rin wọ́n.

Wọ́n gbìn wọ́n, wọ́n hu ewé, wọ́n tan òdòdó, ṣùgbọ́n wọn kò so. Àwọn tí ó ní èso lórí ni Frézier ti ṣà láti Chile, kò sì mọ̀ pé abo ni gbogbo wọn. Irú ti Chile ní akọ lọ́tọ̀, ó ní abo lọ́tọ̀, bí ìbẹ́pẹ gan-an. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ ìhà Brest, ní Brittany, tó rí i pé bí abo wọ̀nyí bá wà nítòsí irú kékeré kan tí ó wá láti Virginia ní Àríwá Amẹ́ríkà, wọn a máa so. Hóró tí ó ti ara àwọn méjèèjì jáde ni ó bí sitirọ́bẹ́rì ńlá tí a ń tà lọ́jà lónìí. Antoine Nicolas Duchesne ni ó tú àṣírí náà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1766, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Orúkọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi pè é ní èdè Látìn, nítorí òórùn rẹ̀.

Ìdílé méjì ni ó pàdé nínú èso yìí, nígbà tí ẹ bá sì gbin hóró rẹ̀, olúkúlùkù yóò mú ohun tí ó wù ú nínú ogún bàbá àti ti ìyá. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kì í fi gbin hóró. Igi sitirọ́bẹ́rì a máa na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ bí ìtàkùn ànàmọ́. Ibi tí okùn náà bá ti fara kan ilẹ̀, yóò ta gbòǹgbò, yóò di ọmọ. Ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n ń gé gbìn, ìyá àti ọmọ kì í sì í yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣòwò, ọmọ ni kí ó wá rà, kí ó fi hóró sílẹ̀.

Ta ni hóró wà fún nígbà náà? Ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ gbìn ín sínú ìkòkò nítorí adùn rẹ̀, tí ó sì ní sùúrù. Irú kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn òkè Alps ní Úróòpù, èso rẹ̀ kò ju orí ìka lọ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ a máa gba ilé kan. Eléyìí kì í sábà na okùn, hóró ni wọ́n fi ń gbìn ín, ọmọ rẹ̀ a sì máa jọ ìyá. Bí ẹ bá rí Alexandria tàbí Baron Solemacher lára páálí, òun nìyẹn. Ìran tuntun kan tún wà, àwọn bíi Elan, tí àwọn ará Netherlands ṣe pé kí ènìyàn lè gbin hóró rẹ̀ kí ó sì rí èso tí ó tóbi. Owó hóró rẹ̀ wọ́n ju ti èkíní lọ.

N óò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan kí n tó dé orí iṣẹ́. Ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ tútù ni sitirọ́bẹ́rì. Ó ń ṣe dáadáa ní ìtòsí Jos nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó 1,200 mítà sókè òkun, ọyẹ́ a sì máa mú níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Òṣogbo, ewé lè yọ kí ó tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ooru kì í jẹ́ kí ó tan òdòdó bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ẹ ó fi í di olówó ní Mushin, ẹ bi í léèrè oko tirẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní London, ní Manchester, àti àwọn tí ń gbé Jos, ni ọ̀ràn yìí bá jù. Àwọn ọmọ tí ó wà lókè òkun kò sì gbọdọ̀ di hóró sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sílé lásán. Òfin fẹ́ kí irúgbìn tí ń bọ̀ láti òkè òkun ní ìwé àṣẹ àti ìwé àyẹ̀wò, nítorí àrùn tí ó lè bá a wọ̀lú.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé lára èso tútù ni ẹ ti fẹ́ yọ hóró, ẹ fi ọ̀bẹ bó awọ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sá a lórí bébà títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra á kí hóró lè bọ́. Ẹ wé hóró náà sínú bébà tí ó rin díẹ̀, ẹ fi sínú ike tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kì í ṣe apá ibi tí omi ti ń dì o. Òtútù yìí ni yóò jẹ́ kí hóró rò pé ìgbà òtútù ilẹ̀ òyìnbó ti dé ó sì ti lọ, tí yóò fi jí. Bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, ẹ má bínú, kò ba nǹkan jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá abọ́ pẹlẹbẹ tí a lu ní ìdí. Ẹ sẹ́ ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ yanrìn díẹ̀, ẹ da omi gbígbóná sí i kí ẹyin kòkòrò àti hóró koríko lè kú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Ẹ wọ́n hóró sí ojú rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bò ó! Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí ó tó hù, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù, nítorí pé àgbàdo àti ẹ̀wà ti kọ́ wa láti máa ri hóró mọ́lẹ̀. Ẹ ta láílọ́ọ̀nù funfun bo ẹnu abọ́ náà, ẹ gbé e sí ibi tí ó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí gan-an. Ẹ má da omi lé e lórí, yóò gbá hóró lọ. Inú àwo tí omi wà ni kí ẹ gbé abọ́ náà sí, kí ó máa fà á láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ni ó fi ń hù, kì í sì í hù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ má tètè da abọ́ nù. Bí ó bá ti hù, ẹ ṣí láílọ́ọ̀nù kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn rẹ̀ yóò jẹrà, yóò sì dojú bolẹ̀ ní òru ọjọ́ kan. Nígbà tí ó bá ní ewé gidi mẹ́ta, ẹ tú u sí ìkòkò tirẹ̀. Ewé ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ọrùn rẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé ojú ibi tí ewé ti ń yọ wà lókè ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá bò ó, yóò rà.

Ní London, èyí tí ẹ gbìn ní oṣù kejì lè fún yín ní ẹ̀kún ọwọ́ kan kí ìgbà ooru tó parí, ti ọdún kejì ni yóò sì pọ̀. Ìgbín àti ẹyẹ yóò mọ̀ ṣáájú yín pé ó ti pọ́n, nítorí náà ẹ ta àwọ̀n bò ó. Ẹ dúró kí ó pupa yíká kí ẹ tó ká a, kí ẹ sì gé e mọ́ ìtì rẹ̀; kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a lè gé ní dúdú kí ó pọ́n nínú ilé.