Kí Oúnjẹ Tó Dé, Ẹ Mọ Orúkọ Ẹni Tébi Ń Pa

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú ní Ìbàdàn, níbi ayẹyẹ tí wọ́n pe àwọn ọmọ sí nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn 22 kú ní Okija, ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ìrẹsì. Lọ́jọ́ kan náà, ènìyàn mẹ́wàá kú ní Maitama, l'Ábújá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ fún àwọn aláìní lóúnjẹ ọdún Kérésì. Oore ni wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn tó wá gbà á náà kì í ṣe ọ̀kánjúwà: ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ìṣirò àjọ NBS ti ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kẹfà ọdún 2023 lọ. Ebi ló kó èrò jọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ké sí gbogbo ayé sẹ́nu géètì kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó lè mọ iye tó ń bọ̀, ilé tí wọ́n ti ń bọ̀, tàbí ẹni tí tirẹ̀ le jù nínú wọn. Alágbára ló máa ń kọ́kọ́ dé iwájú, ọmọdé àti arúgbó ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èrò mi ni pé ìtọrẹ-àánú tó ń gba ará àdúgbò là ni èyí tí a ti mọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á kí oúnjẹ tó dé, tí owó sì ti wà nínú àpò kí wàhálà tó ṣẹlẹ̀. Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí èésú ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: iye ènìyàn kò fara sin, olúkúlùkù mọ ìgbà tó kan òun, bí àìsàn tàbí òkú bá sì bá ẹnìkan lójijì, a máa ń bẹ ẹni tó kàn pé kó jẹ́ kí oníṣòro kọ́kọ́ kó. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí dòní. Kò sí pé ẹnìkan ń ti ẹlòmíràn níbẹ̀, torí pé gbogbo wọn ló mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ilé, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ aládùúgbò ti wúlò jù. Ní Èkó, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn bọ́ sábẹ́ afárá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oòjọ́ ni aláta àti ọlọ́kadà ń rí, ṣùgbọ́n owó ọdún kan gbáko ni lándíọ́ọ̀dù ń bi wọ́n, pẹ̀lú owó ejẹ́ǹtì àti ti àgíríìmẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń gba ọdún méjì. Oṣù kan péré tí ìyá bá fi ṣàìsàn tó láti jẹ owó náà tán. Yóò ta fíríìjì, yóò kó ọmọ lọ bá ìyá àgbà, yóò máa sun ṣọ́ọ̀bù, kó tó wá di pé ìta ló kù. Gbogbo ìṣísẹ̀ yìí ló ń ṣojú àwọn aládùúgbò: alájọ mọ̀ pé ó ti dẹ́kun dídá, ẹni tó ń tà á ní gàrí mọ̀ pé àwìn ti pọ̀. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba tó lè tètè rí i tó bẹ́ẹ̀. Ká ní 40 ilé wà ní òpópónà kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá 500 náírà lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, 20,000; ọdún kan, 1,040,000. Owó yẹn kò lè kọ́lé fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lè dí àlàfo owó ilé fún ìdílé mélòó kan kí ẹrù wọn tó di èyí tí wọ́n ń jù síta. Ó rọrùn púpọ̀ láti mú ènìyàn dúró nínú ilé rẹ̀ ju láti wá ilé mìíràn fún un lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ. Nígbà ìsémọ́lé ọdún 2020, ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá kó oúnjẹ jọ. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àwọn èrò fọ́ ilé ìkẹ́rùsí l'Ékòó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì bá àpò oúnjẹ lórí ara wọn. Àwọn ìjọba ní àwọn ṣì ń pín in ni. Ohun yòówù kó fà á, oúnjẹ wà, ebi náà sì wà, ọ̀nà láàárín àwọn méjèèjì ni kò já geere. Ọ̀nà yẹn ni Lagos Food Bank, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ń gbìyànjú láti là: ó ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn àdúgbò, ó ní ètò fún aláboyún àti abiyamọ, ó sì ń ran ìdílé lọ́wọ́ láti gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé.

Àwọn kan yóò ní agbójúlógún ló ń fi ara rẹ̀ fóṣì, pé ẹni tí a bá ń bọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí ogún ló ń bá wí. Kòńgò gàrí méjì kì í ṣe ogún. Ọ̀pọ̀ àwọn tébi ń pa ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Owó iṣẹ́ wọn ni kò ra oúnjẹ mọ́. A sì lè fún owó ilé bí ẹ̀yáwó tí kò ní èlé, kó lè padà wá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. A lè sanwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ ládùúgbò, kí ìyá náà lọ ra ẹ̀wà bí oníbàárà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ya fọ́tò rẹ̀.

Àtakò tó wúwo sí mi jù ni pé ẹni tó mọ̀ ẹ́ lè fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣòfófó, ó sì lè ṣojúsàájú: kó fún ará ìjọ rẹ̀, kó fo Ègùn tàbí Haúsá tó wà nínú ilé kejì. Òótọ́ ni. Nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì orí kẹfà, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé wọ́n ń gbàgbé àwọn opó tiwọn níbi ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Wọn kò torí èyí dá oúnjẹ dúró. Wọ́n yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méje náà ń jẹ́. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ pé nínú irú ènìyàn mẹ́jọ tí Kùránì ní ká fún ní sàká, onígbèsè wà níbẹ̀, àrìnrìn-àjò náà wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ìpàdé àdúgbò wa: onílé nìkan ló ń jókòó ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ayálégbé lebi ń pa jù. Bí kò bá sí ayálégbé àti àlejò lára àwọn tó ń kọ orúkọ, orúkọ wọn kò ní sí nínú ìwé.

Ṣé iṣẹ́ ìjọba kọ́ nìyí? Iṣẹ́ rẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àánú aládùúgbò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2016 àti oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n wó àdúgbò Otodo Gbame l'Ékòó, nǹkan bí 30,000 ènìyàn, tí Ègùn pọ̀ jù nínú wọn, sì di aláìnílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní lílé tí wọ́n lé wọn láìpèsè ibi tí wọn yóò gbé lòdì sí òfin. Ẹgbẹ́ 500 náírà lọ́sẹ̀ kò lè dá katakata dúró. Ṣùgbọ́n àwọn àdúgbò tálákà tó kóra jọ sábẹ́ Nigerian Slum/Informal Settlement Federation ń dá owó jọ ní ẹgbẹẹgbẹ́, wọ́n sì ń ka ilé àti ènìyàn wọn fúnra wọn. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí yẹn wúlò lọ́jọ́ tí ọmọ ẹnìkan kò rí oúnjẹ jẹ, ó sì wúlò lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbé níbẹ̀.