Ìyá Ìkókó Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Ìyá Ìkókó Nílé

Obìnrin mẹ́ta lè bímọ lọ́sẹ̀ kan náà nílùú Ẹdẹ, kí ohun tí iṣẹ́ wọn máa ṣe fún wọn má sì jọra rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní Federal Polytechnic tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ẹnì kẹta sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ fún iléeṣẹ́ kan l'Ékòó.

Ẹni àkọ́kọ́ ló rọrùn fún jù. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún aláboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pé pérépéré. Tó bá wọlé padà, wọ́n á máa yọ̀ǹda wákàtí méjì fún un lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú, fún oṣù mẹ́fà. Láti ìparí 2022, òṣìṣẹ́ ọkùnrin ìjọba àpapọ̀ náà ń gba ọjọ́ iṣẹ́ 14 tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọdún méjì.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ló kan òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì. Abala 54 fún un ní ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà kó tó bí, mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Mẹ́fà ẹ̀yìn yìí kì í ṣe ohun tí ọ̀gá lè dúnàádúrà lé lórí. Òfin ní obìnrin náà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ ni wọ́n á san. Ẹnikẹ́ni kò sì lè fún un níwèé ìdádúró nígbà tó wà nínú ìsinmi yìí.

Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òfin fún un láti fọ́mọ lọ́mú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ nìyí. Bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà lágbègbè Ọjà Tìmì, tí ilé búrẹ́dì sì wà lójú ọ̀nà Òṣogbo, orí ọ̀kadà ni ààbọ̀ wákàtí náà máa tán sí. Ọ̀gá ti ṣe ohun tí òfin wí, ọmọ kò sì mu ọmú. Ọyàn ìyá á kún, á máa ro ó, á rin aṣọ. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní mílíìkì inú agolo. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: yàrá kékeré kan tó ní kọ́tìnì, àga àti ẹní, kí ìyá àgbà lè gbé ọmọ wá síbẹ̀, tàbí kí ọ̀gá jẹ́ kó pa ààbọ̀ méjèèjì pọ̀ di wákàtí kan.

Ọmọ ẹni kẹta wà nítòsí ní tirẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé iṣẹ́ kò ní ẹnu ọ̀nà tó máa gbà jáde. Iná á lọ ní ọ̀sán, ó dé ní òru, ó di dandan kó jí ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ń pè lórí WhatsApp bó ṣe ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Àwọn ará ilé náà gbà pé ó kàn jókòó sílé ni, wọ́n á sì máa rán an níṣẹ́. Yàrá àti kọ́tìnì kò lè ràn án lọ́wọ́. Wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é ló nílò, pẹ̀lú owó dátà àti ti iná. Ó tún gbọdọ̀ yẹ ìwé tó fọwọ́ sí wò dáadáa: bó bá kà á sí agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ń sanwó fún níwọ̀n iṣẹ́ tó ṣe, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ pé kò ní ìsinmi kankan. Pé iléeṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ékòó kò sì ní kó jẹ nínú ìsinmi oṣù mẹ́fà tí ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ní 2014. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló ni ín.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ tètè gba ìwé dókítà tó sọ ìgbà tí ẹ máa bímọ, torí òun ni òfin ń béèrè kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà sọ fún ọ̀gá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé.