Bí A Ti Ń Ya Àwòrán Àwọn Igbó Tí Ó Ṣẹ́kù, Àti Bí A Ti Ń Mọ Èyí Tí Ó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Dáàbò Bò

Bí àlejò kan bá wọ abúlé pẹ̀lú ìwé àwòrán ilẹ̀ lábẹ́ abíyá àti ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, tí ó ń béèrè ọ̀nà igbó, ìfura ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn kan á ní agbowó-orí ni. Àwọn mìíràn á ní ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀. Ní yàrá ìkàwé kan tí mo ti bá àwọn ènìyàn jókòó, bàbá àgbàlagbà kan bi mí léèrè ní gbangba pé: "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Igbó tí àwọn baba wa ti ń ṣọdẹ nínú rẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kí ni ẹ tún fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ṣe?" Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ ní kíkún.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1922 kọ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 tí kò tíì pẹ́ yìí ni, àwọn aṣojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú, parí ìpàdé ní ìlú Montreal ní Kánádà, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti omi ayé gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ ààbò. Kò sí ìjọba tí ó lè dáàbò bo gbogbo igbó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó kò tó, ẹ̀ṣọ́ igbó kò pọ̀, àwọn ènìyàn sì gbọ́dọ̀ rí ibi dáko kí wọ́n tó jẹun. Nítorí náà yíyàn di dandan, ẹni tí yóò bá sì yàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó kù, ibi tí ó kù sí, àti bí ó ti pé tó.

Láti òfuurufú ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1972 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rán ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tí à ń pè ní Landsat lọ sókè. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ṣì ń yí ayé ká títí di òní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń padà dé orí ibì kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 16. Láti 2008 ni a ti fi àwọn àwòrán náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Nàìjíríà pẹ̀lú rán tirẹ̀, NigeriaSat-1, lọ sókè ní 2003. Àwòrán Landsat dà bí ẹní tí a fi ègé kéékèèké hun: ègé kan dúró fún ilẹ̀ tí ìbú àti òòró rẹ̀ jẹ́ mítà 30, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó púlọ́ọ̀tì méjì tí àwọn tí ń kọ́lé máa ń rà. Ohun tí ó bá kéré ju èyí lọ, ẹ̀rọ náà kò lè yà á sọ́tọ̀ dáadáa.

Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìrókò yàtọ̀ sí àràbà. Ìmọ́lẹ̀ tí ewé ń dá padà ni ó ń wọ̀n, pẹ̀lú irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Igbó tí ó ṣú ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà kan, ilẹ̀ tí a ti ṣán ń dá a padà lọ́nà mìíràn. Bí a bá sì fi àwòrán ọdún yìí wé ti ogún ọdún sẹ́yìn, ibi tí igbó ti ṣí sílẹ̀ yóò hàn kedere. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúsù ilẹ̀ wa, ìkùukùu kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ríran ní àkókò òjò, ọyẹ́ náà sì máa ń fi eruku bo ojú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi máa ń so àwòrán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ pọ̀, bí aránṣọ ti ń rán àjákù aṣọ pọ̀ di ẹ̀wù kan.

Rírí igi nìkan kò tíì tó. Igbó tí a ń wá ni èyí tí ó ṣì pé, tí ọ̀nà, oko, abúlé àti iṣẹ́ àwọn agégi kò tíì gé sí wẹ́wẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Erin kì í gbé inú igbó tí ènìyàn lè là já kí ó tó jẹun àárọ̀. Etí igbó a máa gbóná ju àárín rẹ̀ lọ. Ìjì a máa wó igi ńláńlá tí ó wà níbẹ̀. Èpò inú oko a máa ràn wọlé. Ọdẹ àti agégi pẹ̀lú a sì máa gba ojú ọ̀nà wọ ibi tí wọn kì bá tí dé.

Àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ya àwòrán igbó pípé gbogbo ayé fi òfin líle kan lélẹ̀. Kí igbó kan tó wọ ìwé wọn, kò gbọdọ̀ kéré sí kìlómítà onígun mẹ́rin 500, ìbú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí kìlómítà 10. (Kìlómítà onígun mẹ́rin kan ni ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan, tí òòró rẹ̀ náà sì jẹ́ kìlómítà kan.) Bí ọ̀nà mọ́tò bá gba inú igbó náà kọjá, wọn yóò yọ kìlómítà kan kúrò ní ọ̀tún ọ̀nà, wọn yóò sì yọ kìlómítà kan ní òsì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí a sọ pé igbó kan jẹ́ kìlómítà 10 ní ìbú àti 10 ní òòró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. A wá la ọ̀nà kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ kọjá. Nípa òfin yìí, 20 ti lọ, ó ku 80. Ṣùgbọ́n 80 náà ti di ọ̀nà méjì, 40 níhìn-ín, 40 lọ́hùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì fẹ̀ ju kìlómítà 4 lọ. Bí àwọn tí ń tò wọ́n bá ti sọ pé ohun tí ó bá kéré sí 50 kò ní wọ ìwé, méjèèjì ti jáde nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tí a gé láti fi la ọ̀nà náà lè má pọ̀ rárá. Báyìí ni ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún igbó pípé ayé ṣe jáde kúrò nínú ìwé àwọn onímọ̀ wọ̀nyí láàárín 2000 sí 2013.

Kí ni ó wá kù ní ilẹ̀ Yorùbá? Bí a bá fi òfin 500 wò ó, a kò ní rí ẹyọ kan. Igbó Ọba Omo, ní agbègbè Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí J4, tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 1,300 lórí ìwé. Láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Ní 1946 a tún yọ apá kékeré kan nínú rẹ̀ pé kí àáké má kàn án. Ní 1977 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí ayé ń ṣọ́ nítorí ẹ̀dá inú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà, abúlé, oko kòkó àti ilẹ̀ tí a gbin igi gmelina sí ti gé e sí wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, erin kò tíì tán nínú rẹ̀, ìnàkí kò sì tíì tán. Ẹni tí ó bá di ìwé òfin 500 mú yóò kọjá lórí Omo láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí ni ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Àwòrán ilẹ̀ kì í dáhùn ju ìbéèrè tí a bi í lọ. Bí a bá bi í pé igbó wo ni ó tóbi jù, yóò tọ́ka sí Kóńgò àti Bràsíìlì. Bí a bá bi í pé ibo ni ohun kan wà tí kò sí níbòmíràn, yóò padà wá sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Ẹyẹ kan wà tí ó jẹ́ ìbátan ẹyẹ ẹ̀gà. Dúdú ni, ṣùgbọ́n orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí ìlú Ìbàdàn, orúkọ náà sì wọ ìwé ní 1958. Ìhà gúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń rí i ni igbó inú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, tí kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 350 lọ. Hẹ́kítà kan jẹ́ nǹkan bí éékà méjì ààbọ̀, nítorí náà igbó yìí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí òfin 500 ń béèrè. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹgàn. Igbó tí ó hù padà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ náà, ẹgbẹ́ BirdLife International kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí ó ṣe pàtàkì fún ẹyẹ ní ayé.

Ní 2016, ẹgbẹ́ IUCN gbé òfin jáde fún irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Bí irú ẹranko tàbí igi kan bá wà nínú ewu ńlá pé ó lè run, ibi tí ìdá kan nínú 200 gbogbo èyí tí ó kù láyé bá ń gbé, tí ó kéré tán ọ̀nà márùn-ún akọ àti abo ń bí sí i níbẹ̀, yẹ láti wọ ìwé. Òfin náà kò béèrè bí igbó ti tóbi tó.

Títò àwọn igbó sí ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, àwọn obìnrin wa sì ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ìyá tí ó lọ sí ọjà láti ra èlò ọbẹ̀, tí ó sì ti ra ata, kì í tún yà sí ìsọ̀ kejì nítorí pé ata ibẹ̀ dára. Irú ni yóò wá lọ. Kí a sọ pé igbó kìíní ní irú ẹranko 20. Èkejì ní 18, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ti wà nínú ti kìíní. Ẹ̀kẹta ní 6 péré, mẹ́rin nínú wọn kò sì sí nínú ti kìíní. Ẹni tí ń ka iye lásán yóò mú èkejì tẹ̀lé kìíní. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tò yóò mú ẹ̀kẹta. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe irú ìṣirò yìí nísinsìnyí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ètò bíi Marxan tí a ṣe ní Ọsirélíà. Ó sì tún ń ro iye tí ààbò ibẹ̀ yóò náni mọ́ ọn.

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a lọ sí ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì dé púpọ̀, nítorí pé ohun tí kò tíì bàjẹ́ kì í náni púpọ̀ láti tọ́jú. Àwọn mìíràn ń tẹ̀lé Norman Myers, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti sọ láti 1988 pé ibi tí iná ti ń jó ni kí a kọ́kọ́ sáré lọ. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí a fi ń ṣírò ọ̀nà tirẹ̀, ibi náà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 1,500 irú ewéko tí kò sí níbòmíràn, kí ó sì ti pàdánù ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún igbó rẹ̀ àtijọ́. Ibi 36 ni a kà báyìí ní gbogbo ayé, igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí igbó tiwa wà nínú rẹ̀, sì jẹ́ ọ̀kan. Lójú tèmi, ọ̀nà kejì ni ó bá ilẹ̀ wa mu jù, nítorí pé bí a bá ń dúró de igbó tí ọwọ́ kò kàn rí, a ó dúró pẹ́.

Mo wá fẹ́ padà sí ìbéèrè bàbá yẹn, nítorí pé àṣìṣe ń bẹ nínú iṣẹ́ yìí tí ó lè dé bá olóko. Kòkó tí a gbin sábẹ́ igi ńláńlá a máa jọ igbó gidi lójú sátẹ́láìtì. Oko tí ọkùnrin kan jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀ lè di ẹgàn lórí ìwé, tí ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì yóò sì kun ún ní àwọ̀ ewé tútù. Àṣìṣe kejì jẹ́ òdìkejì èyí: igi lè pé ṣánṣán kí ẹranko má sì sí nídìí rẹ̀ mọ́, nítorí pé ìbọn àti tàkúté ti kó wọn tán. Kent Redford, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú igbó òfìfo bẹ́ẹ̀ ní 1992. Ojú òfuurufú kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn ọdẹ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó òòṣà tí èèwọ̀ ti pa mọ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO gbà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 75 lọ, ọ̀bọ sì ń fò káàkiri lórí igi rẹ̀ láàárín ìlú.

Nítorí náà ni a ṣe ń rán àwọn ènìyàn wá fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀. Àwòrán tí wọ́n ń yà kì í ṣe òfin, kò sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀. Ààlà igbó ọba ní ìwé òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣòfin a máa wò ó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè pé kí wọ́n tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ọdún wo ni a ya àwòrán inú rẹ̀, nítorí pé igbó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti di oko ẹ̀gẹ́ lónìí. Ẹ mú wọn dé ìdí kòkó àtijọ́, ẹ fi ahoro àti odò hàn wọ́n pẹ̀lú orúkọ wọn, ẹ fi ibi tí èèwọ̀ wà hàn wọ́n pẹ̀lú. Kí àwọn ọdẹ sọ ọdún tí wọ́n rí ẹsẹ̀ erin gbẹ̀yìn àti ibi tí wọ́n ti gbọ́ igbe ìnàkí. Kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú yín kí wọ́n tó kúrò ní abúlé.