Jẹ́lì Tó Ń Gba Ojú Abẹ́rẹ́ Wọ Orúnkún

Ẹ wo orúnkún màlúù tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ohun funfun kan bo orí eegun, ó ń dán, ó sì ń yọ̀. Eegun rírọ̀ nìyẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa gbo eegun nígbà tí a bá ń kúnlẹ̀, tí a sì ń dìde.

Bí awọ ara bá bó, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun àtúnṣe lọ síbẹ̀. Eegun rírọ̀ kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ibi tó bá jẹ kì í fi í dí bọ̀rọ̀. Bí dókítà bá gún oògùn síbẹ̀, kì í pẹ́ kó tó ṣàn kúrò nínú oríkèé.

Ní 1994, Mats Brittberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ròyìn bí wọ́n ṣe fi sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ tún orúnkún ṣe. Wọ́n ní láti la orúnkún, kí wọ́n sì rán awọ eegun bò ó, kí sẹ́ẹ̀lì má baà dà nù.

Jẹ́lì fẹ́ gba iṣẹ́ rírán yẹn ṣe. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Okùn tín-ín-rín tó kọ́ ara wọn ló di omi náà mú. Wọ́n lè fi chitosan tí wọ́n ń yọ lára èèpo edé àti alákàn ṣe é. Ẹ̀kọ gbígbóná ń dì bó bá tutù. Òdìkejì ni ti irú jẹ́lì yìí. Omi ni nínú abẹ́rẹ́ tútù, ṣùgbọ́n bó bá kan ìgbóná ara, 37°C, á dì sínú ibi tó jẹ náà. Oògùn inú rẹ̀ á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì rí ibi dúró kọ́ eegun rírọ̀ tuntun. Bí jẹ́lì bá tètè yọ́ jù, sẹ́ẹ̀lì á pàdánù ibùgbé. Bó bá pẹ́ jù, á dínà fún ohun tí wọ́n ń kọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti le.

Ní 2012, Kòríà Gúúsù fọwọ́ sí Cartistem, sẹ́ẹ̀lì láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun tí wọ́n pò mọ́ jẹ́lì hyaluronic acid, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbé e sí orúnkún. Ọ̀pọ̀ jẹ́lì tó ń gba ojú abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu ìdánwò.

Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ fi han dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá bíi Bowen tàbí LAUTECH. Dídín ara kù àti eré ìdárayá tó bá orúnkún mu ṣì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ tó ń hu eegun rírọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan orúnkún yín.