Irin Pàápàá Ń Darúgbó

Ẹni tó bá ń gbé ní Itele, tàbí tó ń gba Sàngó Ọ̀tà kọjá lọ síbi iṣẹ́, kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti ra àlòkù irin. Fáànù tó ti bàjẹ́, páànù tó ti dípẹtà, ara mọ́tò àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó. Ní agbègbè Ọ̀tà kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà, níbi tí àlòkù ti ń di ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń lò. Nítorí náà, bí a bá sọ pé irin ń gbó, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n irú ogbó kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí kì í sì í ṣe òjò ló ń fà á. Òun ni ogbó irin tó wà nínú ìléru núkílíà.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2009, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2017, ìjọba Nàìjíríà bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ àdéhùn lórí iná mànàmáná núkílíà. Wọ́n dárúkọ Geregu ní Ìpínlẹ̀ Kogi àti Itu ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n lè kọ́ ọ sí. A kò tíì kọ́ ọ̀kankan. Kí a tó kọ́ ọ, ó yẹ kí a mọ ìbéèrè tó yẹ kí á bèèrè.

Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Irin

Àwọn ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní átọ́ọ̀mù ló para pọ̀ di irin. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìjọ tó jókòó ní ọjọ́ Ìsinmi. Nínú ìléru núkílíà, bí átọ́ọ̀mù yuréníọ̀mù ti ń pín sí méjì, àwọn ẹyọ tí ń jẹ́ nútírọ́ọ̀nù a máa ta jáde pẹ̀lú eré burúkú. Bí ọ̀kan bá kọlu átọ́ọ̀mù irin, á tì í kúrò lórí àga rẹ̀. Ẹni tí a tì náà á ti ẹlòmíràn, onítọ̀hún á tún ti ẹlòmíràn, títí ìlà yóò fi dàrú. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún rí àga jókòó, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ kò ní rí. Àga kan á ṣófo níhìn-ín, ẹnì kan á há sáàárín ẹni méjì lọ́hùn-ún. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, irin náà kò ní jẹ́ irin àtijọ́ mọ́.

Nígbà mìíràn, àwọn àyè tó ṣófo á kóra jọ, wọn á di ihò. Ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ méjì, Cawthorne àti Fulton, kéde pé irin aláìdípẹtà tó ti wà nínú ìléru ní Dounreay, ní Sikọ́tíláǹdì, ti kún fún irú ihò bẹ́ẹ̀, àní ó ti wú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, irin náà á le jù. Irin tó dára a máa tẹ̀ kí ó tó kán. Èyí tí ìtànṣán ti bà jẹ́ lè má tẹ̀ rárá. Ńṣe ni yóò fọ́ bí àwo.

Bàbà, Ọ̀tá Tó Fara Sin

Ibi tí èyí ti léwu jù ni ìkòkò irin ńlá tó gba iná núkílíà náà mọ́ra. Ògiri rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà, omi gbígbóná tó wà nínú rẹ̀ sì ń tì í gidigidi. A lè pààrọ̀ páìpù, a lè pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi, ṣùgbọ́n ìkòkò yìí kò ṣeé pààrọ̀. Bí ó bá ti darúgbó, ìléru náà ti darúgbó nìyẹn. Àwọn àgbà sì sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Àwọn onímọ̀ rí i pé bàbà díẹ̀ tó bá wà nínú irin ìkòkò náà, kódà bí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ń mú kí ó tètè gbó. Lábẹ́ ìtànṣán, àwọn átọ́ọ̀mù bàbà á máa kóra jọ, wọn á sì sọ irin di ẹlẹ́gẹ́. Níbo ni bàbà ti ń wọlé? Láyé ìgbà kan, wáyà tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀ ni wọ́n ń fi bàbà bò. Ó sì tún máa ń wá láti inú àlòkù, bí wáyà fáànù tí a kò tú kúrò kí irin tó wọ iná. Àwọn ọmọ tó ń ra àlòkù máa ń ya bàbà sọ́tọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ ga. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀, nítorí bí bàbà bá ti yọ́ mọ́ irin, ó dà bí iyọ̀ tó ti wọ inú ọbẹ̀: yíyọ rẹ̀ kò rọrùn.

Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Wọ́n á gé lára irin kan náà tí wọ́n fi ṣe ìkòkò, wọ́n á kó àwọn ègé wọ̀nyí sínú rẹ̀ nítòsí iná. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n á yọ díẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi òòlù tó ń fì fọ́ ọ, láti mọ bí agbára tó kù nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ègé yìí ni ẹlẹ́rìí tó ń sọ òtítọ́ nípa ìkòkò.

Níbi tí ẹlẹ́rìí kò bá tó, wàhálà ni. Ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ìléru Yankee Rowe pa ní ọdún 1991, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ bí ìkòkò rẹ̀ ti di ẹlẹ́gẹ́ tó, wọn kò sì ṣí i mọ́. Ní Loviisa, ní Fínláǹdì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní ọdún 1996: wọ́n mú ìkòkò náà gbóná gidigidi, bí alágbẹ̀dẹ ti ń dá irin padà sínú iná, kí àwọn átọ́ọ̀mù lè rí àyè wọn padà. Ní Koeberg, ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní iná ní ọdún 1984. Ní ọdún 2024, ó gba àṣẹ láti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún sí i. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán; ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè.

Nílé Wa Ńkọ́?

A kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Láti ọdún 2004 ni ìléru kékeré kan ti wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria, fún ìwádìí. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kílówáàtì lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì wà fún iná mànàmáná. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń mú kí àwọn átọ́ọ̀mù sáré, tí wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú nǹkan. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ta átọ́ọ̀mù lu irin, kí ìbàjẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lè hàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ràn físíìsì tàbí kẹ́mísírì, ẹ má ṣe sọ fún un pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Àlejò lè bá wa kọ́ ìléru, ó sì lè kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Irin ni yóò kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, fún ogójì tàbí ọgọ́ta ọdún. Bí ọjọ́ àtiyọ ègé irin bá pé, tí a sì gbé òòlù jáde, ọmọ ta ni yóò ka ohun tí irin náà sọ? Ìbéèrè tó yẹ kí á bi àwọn aláṣẹ wa nìyẹn, kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́.