Ọmọbìnrin Tí Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Kì í Ṣe Ọmọ Tí Ó Sọnù

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni a mú wá lónìí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, pàdé Mòrókò ní ìlú Rabat láti du ife àwọn obìnrin Áfíríkà. Kí a tó sinmi, Mòrókò ti gbá góòlù méjì sínú àwọ̀n wa. Àwọn ọmọ wa kò mikàn. Esther Okoronkwo gbá pẹ́nárítì wọlé, Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di ọ̀mì, Jennifer Echegini sì gbá ẹ̀kẹta wọlé nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ife kẹwàá nìyẹn láti ọdún 1998. Rasheedat Ajibade, ọmọ tí a bí ní Mushin, ni wọ́n yàn ní ẹni tí ó tayọ jù lọ. Justine Madugu tí ó kọ́ wọn ti kọ́ Adamawa Queens rí, níhìn-ín ní Òkè Ọya.

Èyí kì í ṣe èèṣì. Láti 1991 títí di 2023, kò sí Ife Àgbáyé obìnrin kan tí Nàìjíríà kò lọ. Ní 2023, wọ́n na Ọsirélíà ní 3 sí 2 ní ilé onílé.

Ẹ wo Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú. Àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ọ̀lù yìí rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó ti gba oyè agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà.

A kò sọ pé ẹ̀rù àwọn òbí kò nídìí. Ní 2004, lẹ́yìn tí wọ́n gba ife ní South Africa, àwọn ọmọ wọ̀nyí ní láti jókòó pa sí òtẹ́ẹ̀lì nítorí owó wọn tí a kò san. Ní 2025 ni Ààrẹ kéde 100,000 dọ́là àti ilé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀tọ́ ni kí a máa bá wọn bèèrè, kì í ṣe kí a tìtorí rẹ̀ ti ọmọ mọ́lé.

Nítorí náà, bí ọmọbìnrin yín bá parí iṣẹ́ ilé-ìwé, tí ó sì ti bá yín pa ìsọ̀ dé, ẹ má ṣe mú ẹgba bí ó bá ń lọ sí pápá. Ẹ ra bàtà fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.