Alárenà Àwọn Òǹkọ̀wé

Gbogbo wa ni a mọ iṣẹ́ alárenà. Òun ni ń lọ, òun ni ń bọ̀, láàrin ọkọ àti ìdílé ìyàwó, títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀. Irú alárenà bẹ́ẹ̀ wà nídìí ìwé pẹ̀lú. Ó ń ṣe alárenà láàrin ẹni tí ó kọ ìwé àti àwọn tí ń tẹ ìwé jáde.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ará Skọ́tílándì kan, A. P. Watt, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní London ní nǹkan bí ọdún 1875. Nínú 100 pọ́n-ùn tí òǹkọ̀wé bá gbà, 10 pọ́n-ùn ni tirẹ̀. Lónìí, 15 nínú 100 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà.

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é bí olókìkí kan, bí òṣèré tàbí agbábọ́ọ̀lù, bá fẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀? Alárenà yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni ẹ fẹ́ sọ tí ayé kò tíì gbọ́?” Bí kò bá lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, wọn óò wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, alárenà óò kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn óò sì máa fi owó lé owó bí ẹni ń ra ọjà gbàǹjo. Ẹni tí ó bá borí yóò san àsansílẹ̀. Bí èrè òǹkọ̀wé lórí ìwé tí ó tà bá kọjá àsansílẹ̀ yìí, wọn óò tún máa fún un lówó sí i.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́yà kan wà, Robert Barnett, tí ó kú ní ọdún 2025. Òun ni ó bá Bill Clinton àti Barack Obama dúnàádúrà ìwé wọn. Kì í gba 15 nínú 100 ní tirẹ̀. Iye wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Bí owó ìwé bá pọ̀ gan-an, ọ̀nà yìí a máa dín ìnáwó òǹkọ̀wé kù.

Àwọn àgbà ní, bí ojú bá ti mojú, alárenà á yẹ̀ ẹ́. Ti ìwé kò rí bẹ́ẹ̀ o! Bí ìwé náà bá ń tà fún 20 ọdún, alárenà ń gba ìpín tirẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹ ṣọ́ra fún alárenà tí ó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó ṣiṣẹ́. Alárenà tòótọ́, ìgbà tí ìwé bá tà ni í jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má ṣe tẹ ìka bọ àdéhùn mọ́. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.